Òwú Tó Ta Kókó Lára Ṣòkòtò Ajíbádé

Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín ti jókòó rò ó rí, ìdí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé bí òwú bá ta kókó nísàlẹ̀, òkè là á wò? Ẹ kò rò ó rí. Mo mọ̀. Ẹ kàn ń pa á kiri bí ẹni pé ojú ọ̀run ló ti já bọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó fìdí mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, ọ̀nà ilé rẹ̀ kò dí. Èmi kò ní bẹ ẹnikẹ́ni.

Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ìdí-Ọsàn. Obìnrin aránṣọ kan wà níbẹ̀, Àrínọlá lorúkọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ mú, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára. Máṣíìnì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fún un lọ́jọ́ tó gbòmìnira, ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ ló sì fi òwú sí i lọ́jọ́ náà kó tó gbé e fún un.

Láti ọjọ́ yẹn, Àrínọlá kò fi òwú sí máṣíìnì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ rí. Ẹ kò gbà? Ẹ lọ bi àwọn aránṣọ àdúgbò yín, kí ẹ wo bí wọ́n á ṣe máa wojú ara wọn. Bó bá ń fi òwú funfun ránṣọ, tó wá fẹ́ lo dúdú, ńṣe ni yóò gé funfun lókè, yóò so dúdú mọ́ ọn nídìí, yóò wá fà á láti iwájú abẹ́rẹ́. Òwú tuntun á tẹ̀lé ti àtijọ́, á gba ibi tí èyí gbà, á yọ jáde, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é láti ọdún dé ọdún. Òwú ló mọ ọ̀nà, Àrínọlá kò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n, òun náà kò sì mọ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n.

Nǹkan mìíràn tún wà. Irin pẹlẹbẹ kan wà nídìí abẹ́rẹ́ tó máa ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ bí a bá ń rán an. Ẹsẹ̀ máṣíìnì ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá Àrínọlá ti kìlọ̀ fún un pé ẹsẹ̀ yìí kò gbọdọ̀ wà lókè bí kò bá sí aṣọ lábẹ́ rẹ̀, pé máṣíìnì tó bá gbẹ́sẹ̀ sókè lásán, oníbàárà ló ń lé lọ. Bóyá òótọ́ ni. Bóyá kò kàn fẹ́ kí àwọn ọmọṣẹ́ máa fi irin náà ṣeré ni. Àrínọlá kò wádìí. Èèwọ̀ ni wọ́n pè é, èèwọ̀ náà ló fi í ṣe.

Ó ní àbúrò ọkùnrin kan, Ajíbádé. Ìyá wọn ti kú tipẹ́, Àrínọlá ló tọ́ ọ dàgbà. Ajíbádé ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, kò tíì láya. Kì í ṣe pé kò wá o. Ojú ló ń tì í. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ẹlòmíràn á ti gbé obìnrin náà níyàwó. Ìgbà tó wá rí Dúródọlá, tí Dúródọlá náà rí i, tí àwọn méjèèjì jọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wọ̀, inú Àrínọlá dùn débi pé ó lọ jókòó sẹ́yìnkùlé, ó sunkún. Ó ní kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn tí yóò rán aṣọ tí àbúrò òun yóò wọ̀ lọ tọrọ ìyàwó, àfi ọwọ́ òun.

Ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìṣòro. Bàbá Dúródọlá ti ṣiṣẹ́ rí ní ibùdókọ̀ ojú irin. Òun ló máa ń ju àsíá pupa pé kí ọkọ̀ dúró, òun ló sì máa ń ju aláwọ̀ ewé pé kó máa lọ. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n àsíá kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé méjèèjì wálé. Bàbá Rélùwéè ni gbogbo ìlú ń pè é. Ohun gbogbo lọ́wọ́ bàbá yìí, àkókò ni.

Ọkùnrin tó kọ́kọ́ wá tọrọ Dúródọlá pẹ́, torí táyà ọkọ̀ wọn jò lọ́nà. Bàbá ju àsíá pupa, wọ́n yí padà. Èkejì gbọ́ ohun tó ṣe ẹni àkọ́kọ́, ó bá jí dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Àsíá pupa. Bàbá ní ọkọ̀ tó bá wọ ibùdó kó tó tó àkókò rẹ̀, òun gan-an ló ń fa kí ọkọ̀ méjì forí gbárí. Ẹ̀kẹta bọ́ sí àkókò géérégé, ó wá sín lójú ẹnu ọ̀nà, ó dúró nu imú. Kó tó nu imú tán, àkókò ti lọ. Dúródọlá wà nílé, ó ń dàgbà.

Àkókò tí Bàbá Rélùwéè wá fún Ajíbádé kò ṣòroó mọ̀. Ó ní kí wọ́n dé nígbà tí oòrùn bá wà láàárín orí, tí òjìji ènìyàn bá wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní bí òjìji bá ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan báyìí, kí wọ́n má ṣe ìyọnu mọ́, kí wọ́n máa jẹ iṣu wọn nílé wọn.

Nígbà tí ọjọ́ kò, gbogbo nǹkan ti wà nílẹ̀. Iṣu, obì, orógbó, oyin, iyọ̀, àti àgbébọ̀ adìyẹ tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀, ṣọ́ọ̀bù Àrínọlá tó wà létí títì ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí, kó lè rọrùn láti gbé. Agbádá ti parí, bùbá ti parí. Ṣòkòtò ló kù. Ìdí tó fi kù ni pé àníyàn ti ń mú Ajíbádé rù. Àrínọlá ti kọ́kọ́ rán ṣòkòtò kan fún un, kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì ó ti ń bọ́ nídìí rẹ̀. Ó bá ní òun kò tún ní rán òmíràn, àfi láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, kí ọkọ ìyàwó jókòó ti òun, kó má baà tún rù kí abẹ́rẹ́ tó dúró. Báyìí ni Ajíbádé ṣe jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yẹn, fìlà lórí, agbádá lọ́rùn, ìró ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí.

Àgbébọ̀ kan ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Okùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tú, ó fò, ó bà lórí máṣíìnì. Wọ́n ní kí wọ́n mú un, ó tún fò, òwú kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó sì gba ojú fèrèsé jáde tòun tòwú. Gbogbo òwú tó wà lára máṣíìnì ló bá a lọ, kò ku ẹyọ kan tí yóò fi ọ̀nà tí ọ̀gá là sílẹ̀ han òmíràn. Wọ́n mú adìyẹ náà padà. Òwú ò ṣe é mú padà.

Àrínọlá mú òwú tuntun, ó na ọwọ́ láti so ó mọ́ ti àtijọ́. Kò sí ti àtijọ́. Ó tẹ ẹsẹ̀ máṣíìnì mọ́lẹ̀ torí kò sí aṣọ lábẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú gba ibi tó rò pé ó máa ń gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín tààrà, kí ẹ má baà máa dà mí láàmú. Àwo irin kéékèèké méjì kan wà lókè máṣíìnì, wọ́n fara ti ara wọn, àárín wọn ni òwú ń gbà. Àwọn ló ń di òwú mú kó má baà máa tú yàà wá sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ máṣíìnì bá wà lókè, àwo méjèèjì á yanu. Bó bá wà nílẹ̀, wọ́n á pa ẹnu dé. Àrínọlá ti tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwo ti pa ẹnu dé. Òwú kò rọ́nà wọlé, ó gba ẹ̀yìn wọn kọjá, kò sí ohun tó dì í mú mọ́. Èmi àti ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n báyìí. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kò mọ̀ ọ́n.

Àrínọlá rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan. Lókè, ojú abẹ́rẹ́ tẹ́ rẹ́rẹ́, ó dára lójú. Ó yí aṣọ dà wo ìsàlẹ̀. Òwú ti wé jọ síbẹ̀, ó wú bí ìtẹ́ ẹ̀gà.

Ó fi abẹ tú u. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni kókó wà, ìsàlẹ̀ ló dá lẹ́bi. Ó yọ bọ́bìn, ìyẹn àkájọ òwú kékeré tó ń gbé abẹ́ máṣíìnì, ó tún òwú ara rẹ̀ ká. Ó rán an, ó ta kókó. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá abẹ́ máṣíìnì, eruku àti fọ́nrán òwú tó jáde níbẹ̀ tó rọ ìrọ̀rí. Ó rán an, ó ta kókó. Ajíbádé jáde síta lọ wo òjìji rẹ̀. Ó ṣì gùn. Ó wọlé, ó jókòó, ó tún dìde.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n bàbá wọn fi dé. Akínlabí lorúkọ rẹ̀, òun ni olórí ẹbí, òun ni yóò ṣáájú wọn lọ sílé àna. Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títúnṣe ló ń ṣe. Kò sí nǹkan tó bà jẹ́ tí Akínlabí kì í fọwọ́ kàn. Díẹ̀ nínú wọn sì máa ń dára. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n rò fún un. Ó béèrè ibi tí kókó wà, Àrínọlá ní ìsàlẹ̀ ni.

Akínlabí ní, "Ibi tí ẹ̀gún bá ti gún ènìyàn la ti ń yọ ọ́. Ẹ gba agbádá mi dání."

Ó wọ abẹ́ máṣíìnì. Ó ní ilé bọ́bìn ni kò dúró dáadáa, ó mú sukudiráfà, ó fún ìdè rẹ̀ pọ̀. Òwú ìsàlẹ̀ já. Ó tú ìdè náà, ilé bọ́bìn já bọ́ lé e níwájú orí. Ó ní máṣíìnì ti ń gbọ́ràn. Ó ní òróró ló kù, ó bá ránṣẹ́ sí ilé rẹ̀ kí wọ́n gbé èyí tó fi ń pa ṣéènì kẹ̀kẹ́ wá, ó sì da á síbẹ̀ bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́. Àrínọlá tẹ máṣíìnì. Òwú ta kókó, òróró sì ta sí ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan. Wọ́n fọ ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Wọ́n fi áyọ́ọ̀nù ẹlẹ́ẹ̀dú gbẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe èyí tán, òjìji Ajíbádé ti kúrú.

Akínlabí kì í ṣe ẹni tí nǹkan ń sú. Ó ní ohun tó wà nísàlẹ̀ bọ́bìn ni ká wò. Ohun tó wà nísàlẹ̀ bọ́bìn, bẹ́líìtì ni. Ó yọ bẹ́líìtì. Ohun tó wà nísàlẹ̀ bẹ́líìtì ni irin tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ó tú u pátápátá, ó tò ó sílẹ̀ bí ẹran tí wọ́n fẹ́ pín. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ni Àrínọlá fi ń yí wíìlì máṣíìnì. Ó yí i. Ó ta kókó.

Àwọn ará ilé tó fẹ́ bá wọn lọ ti ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni tó bá sì dé á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á wo ìsàlẹ̀, á mi orí. Ìgbà tí kò sí nǹkan mìíràn tó kù lábẹ́ máṣíìnì mọ́ àfi ilẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Akínlabí gbé ọwọ́ lé ilẹ̀ náà. Ó ní kí wọ́n dákẹ́ ná.

Ó ní òun rántí nǹkan kan. Ó ní láyé bàbá àwọn, ibi tí ṣọ́ọ̀bù yìí wà, ibùjókòó àwọn ahunṣọ ni. Gbogbo òwú tó já mọ́ wọn lọ́wọ́, ilẹ̀ yìí ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó ní òwú mọ òwú. Ó ní òwú àwọn ahunṣọ ló ń pe òwú Àrínọlá láti abẹ́ ilẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí èyí kò fi fẹ́ dúró lókè.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ń wá nǹkan láti àárọ̀, bí ẹ bá ní inú ìgbín ló wà, á fọ́ ìgbín. Wọ́n gbé ṣọ́bìrì dé. Àwọn ọkùnrin tó wọ agbádá ẹtù ká apá agbádá wọn lé èjìká, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gbé pátákó méjì lé ẹnu kòtò, wọ́n gbé máṣíìnì lé pátákó, kí Àrínọlá lè máa dán an wò bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ lọ. Kò pẹ́ sí i, wọ́n rí òwú nínú yẹ̀pẹ̀. Òwú tí Àrínọlá fúnra rẹ̀ ti ń gbá sínú ihò ilẹ̀ láti ọdún dé ọdún ni, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Akínlabí na fọ́nrán òwú náà sókè, ó fi han gbogbo wọn. Wọ́n tẹ̀ síwájú. Kòtò bò wọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀, ó bò wọ́n dé orúnkún. Àrínọlá ń yí wíìlì, òwú ń ta kókó.

Ajíbádé wọlé láti ìta. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ìró ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà nídìí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "òjìji mi ti yẹ̀."

Gbogbo wọn dáwọ́ dúró. Àrínọlá gbé orí lé máṣíìnì. Ẹ̀dùn ọkàn tó bá a lọ́jọ́ náà, kò ní irú rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Ó ní òun lòun kọ̀ kí ẹlòmíràn rán an, òun lòun fi ọwọ́ ara òun gba ìyàwó lọ́wọ́ àbúrò òun. Ajíbádé ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun lè máa bá a gbé títí ayé. Ìyẹn tún wá dá kún ẹkún Àrínọlá.

Ṣùgbọ́n Bàbá Rélùwéè kì í ṣe ẹni tó ń jókòó de ènìyàn. Bí òjìji rẹ̀ ti yẹ̀ báyìí, ó dé fìlà iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó mú àsíá pupa, ó ní òun yóò lọ ri í mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn, kí gbogbo ayé lè rí i pé ojú ọ̀nà ti dí. Ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́. Iwájú ọ̀ọ́kán ló ń wò, bó ṣe máa ń wo ojú irin láyé ìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Bó ṣe ń wo iwájú ọ̀ọ́kán náà ló wọ ṣọ́ọ̀bù, bó ṣe ń wò ó náà ló wọ kòtò.

Ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja lábẹ́ máṣíìnì. Àsíá wà lọ́wọ́ rẹ̀, fìlà kò bọ́. Wọ́n sáré yí kòtò ká, wọ́n ń kí i kú ewu. Ó gbìyànjú kó dìde, ìbàdí kọ̀ fún un. Kò rí ọ̀tún, kò rí òsì, kò sì rí ilẹ̀ tí gbogbo wọn ti ń wò láti àárọ̀. Òkè nìkan ló kù tí ojú rẹ̀ lè wò. Ó wò ó títí.

Ó ní, "Ta ló ni òwú yìí?"

Àrínọlá ní òun ni, sà.

"Òwú rẹ ti bọ́ lójú irin. Wo àwo méjì tó wà lókè yẹn. Àárín wọn ló yẹ kó gbà, ẹ̀yìn wọn ló gbà. Bí ọkọ̀ bá bọ́ lójú irin ní ibùdó àkọ́kọ́, ṣé ibùdó ìkẹyìn lẹ ti máa ń lọ gbẹ́ ilẹ̀ fún un?"

Akínlabí rọra fi ṣọ́bìrì sẹ́yìn agbádá rẹ̀.

Àrínọlá gbé òwú, ó fẹ́ kì í sáàárín àwo méjì, wọn kò gbà á. Ó wo ẹsẹ̀ máṣíìnì. Ó wo ojú àbúrò rẹ̀. Ó ní kí ọ̀gá òun foríjì òun lọ́run, ó sì gbé ẹsẹ̀ náà sókè láìsí aṣọ kankan lábẹ́ rẹ̀. Àwo yanu. Òwú wọlé. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ padà, ó fa òwú wò, ó gbọ́ bó ṣe dì mú. Ó fi aṣọ sí i, ó yí wíìlì. Lókè ó tẹ́ rẹ́rẹ́. Ó yí i dà, ìsàlẹ̀ náà tẹ́ rẹ́rẹ́. Ó rán ẹsẹ̀ kan, ó rán ìkejì, ó so wọ́n pọ̀, ó fi okùn sí i nídìí, Ajíbádé sì kó sínú rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

Inú wọn dùn fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀. Bàbá Rélùwéè na àsíá pupa sókè láti inú kòtò. Ó ní ṣòkòtò ti jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n àkókò ti lọ, kí wọ́n gbé òun síta kí òun máa lọ.

Ajíbádé ní ohun tó kù ni kí òun dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ó ti fẹ́ na ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí Akínlabí dì í lápá mú. Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá orí rẹ̀ pé. Ó ní bó bá dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu kòtò, orí rẹ̀ ṣì ga ju ti àna rẹ̀ lọ, ta ló sì ń kí àna láti òkè? Àwọn àgbà fohùn sí i pé èèwọ̀ ńlá ni. Wọ́n ṣe àpérò níbẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n fa Bàbá síta, Bàbá ní bí ẹnikẹ́ni bá fa ìbàdí òun, òun yóò pe ọlọ́pàá. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò mìíràn tó jìn ju èyí lọ fún ọkọ ìyàwó. Akínlabí ti ń wo ibi tí wọn yóò gbẹ́ ẹ sí.

Ajíbádé, ẹni tí ojú ń tì, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ tán kí wọ́n tó gba obìnrin lọ́wọ́ rẹ̀, kò dúró de àpérò. Ó fò sínú kòtò. Wọ́n gbé máṣíìnì kúrò lórí pátákó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra gbé àna rẹ̀ jókòó lé èjìká, ó sì ń dìde díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù na etí. Kì í ṣe ìbàdí Bàbá ni wọ́n ń tẹ́tí sí. Ìdí ṣòkòtò ni. Àrínọlá di ẹnu mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ajíbádé nàró tán, òwú kan ṣoṣo kò já. Ṣọ́ọ̀bù náà rẹlẹ̀, fìlà Bàbá kan páànù òrùlé. Ọkọ ìyàwó wà nínú kòtò nísàlẹ̀, àna wà lókè, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ.

Láti orí èjìká náà, Bàbá Rélùwéè ní àkókò ni àkókò.

Ìyá Dúródọlá kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti já sínú kòtò. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sún mọ́ ẹnu kòtò.

"Bàbá Dúródọlá," ó ní, "nígbà tí ẹ lé ẹni àkọ́kọ́, a ní táyà ọkọ̀ wọn ni kò dára. Ẹ lé èkejì, a ní àtètèdé rẹ̀ ló fà á. Ẹ lé ẹ̀kẹta, a dá imú rẹ̀ lẹ́bi. Nígbà tó yá, a tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà sórí ọmọ, bóyá orí ọmọ ni kò dára. Ìsàlẹ̀ nìkan la ti ń wò láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi lónìí. Bí òwú bá ta kókó nísàlẹ̀, òkè là á wò."

Gbogbo àwọn tó ti ń wo ilẹ̀ láti àárọ̀ gbé orí wọn, wọ́n wòkè. Ẹni tó wà lókè níbẹ̀ kò ju Bàbá Rélùwéè lọ. Òun náà wòkè, bóyá yóò rí ẹlòmíràn tí wọ́n ń wò. Páànù ló rí.

Ó ju àsíá pupa sínú kòtò, ó na ọwọ́ sí Àrínọlá. Àrínọlá kò béèrè ohun tó ń fẹ́. Ó wá inú àkísà aṣọ tó gé sílẹ̀, ó mú èyí tó ní àwọ̀ ewé, ó fi lé e lọ́wọ́. Bàbá jù ú lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé.

Báyìí ni Ajíbádé ṣe gba ìyàwó. Inú ṣọ́ọ̀bù dùn ju ibi tí ẹnu mi lè sọ ọ́ dé, n kò sì fẹ́ sọ ọ́. Akínlabí nìkan ni kò gbà títí dòní. Ó ní ká ní wọ́n jẹ́ kí òun gbẹ́ díẹ̀ sí i ni, wọn ì bá ti kan òwú àwọn ahunṣọ.

Dúródọlá àti Ajíbádé ń gbé ní tiwọn. Bàbá Rélùwéè àti ìyàwó rẹ̀ ló kù nílé. Bí ọbẹ̀ bá níyọ̀ jù, bí omi kò bá sí nínú àmù, tí Bàbá bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹni tó jẹ̀bi, Ìyá Dúródọlá kì í bá a jiyàn. Yóò kàn gbójú sókè, yóò wo àjà. Bàbá yóò dákẹ́, yóò sì lọ pọnmi. Ẹ lọ máa pa òwe yín. Ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí: bí òwú bá ta kókó nísàlẹ̀, òkè là á wò.